Ohùn Márùn-ún Tó Gba Ọ̀rọ̀ Láàyè

Ọ̀rọ̀ wa láàárọ̀ yìí dá lórí àwọn ohùn tí orin fi ń gòkè tó fi ń sọ̀ kalẹ̀, àti àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì. Mo gbé dùùrù kékeré kan wá síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ orin tí a kò bá fetí gbọ́, ìdajì rẹ̀ ló máa ń sọnù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà "ọ̀run", ibùgbé Ọlọ́run. Ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn àárín ló parí rẹ̀. Ó ń gòkè.

(Dùùrù: dò, re.)

Ẹ wá jẹ́ ká fi ohùn orin tó ń sọ̀ kalẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan náà.

(Dùùrù: re, dò.)

Ọrùn. Ọ̀run ti di ọrùn, èyí tí a ń gbé ẹ̀gbà sí. Ìwé orin tó wà lọ́wọ́ akọrin kọ "ọ̀run" dáadáa, ọkàn akọrin sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ orin náà láti ìta, tí kò rí ìwé, ọrùn ló ń gbọ́. Irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá. Ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́wọ́; ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n wá fún mọ́ inú rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, n kò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ohùn orin yẹn dára. Inú èdè tí gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ni wọ́n ti wá, nítorí náà wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, láìbi ọ̀rọ̀ léèrè.

Àwọn kan máa ń fèsì pé orin tiwa ni kò pé. Wọ́n á ní orin Òyìnbó ní ohùn méje, tiwa ní márùn-ún péré, pé a ṣì ń wá méjì kún un. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyí: ohùn márùn-ún tí orin Yorùbá ń lò jù kò pàdánù ohunkóhun. Ó ní ìdí tó fi jẹ́ márùn-ún, ìdí náà wà nínú ìṣirò, ó sì wà nínú èdè wa pẹ̀lú.

Kí ni àlàfo? Nígbà tí okùn gìtá bá ń dún, ńṣe ló ń gbọ̀n. Bí ó bá gbọ̀n nígbà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a óò gbọ́ ohùn kan. Bí ó bá gbọ̀n nígbà 480, a óò gbọ́ ohùn tó ga jù ú lọ, síbẹ̀ etí á sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè nìyẹn.

(Dùùrù: dò ìsàlẹ̀, dò òkè.)

Nígbà tí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ bá jọ ń kọrin níbi àdúrà alẹ́, ohùn bàbá á wà nísàlẹ̀, ti ìyá àti ti àwọn ọmọ á wà lókè, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé orin méjì ni wọ́n ń kọ. Ìlọ́po méjì ló so wọ́n pọ̀. Etí kì í ka iye. Ìfiwéra ló ń ṣe. Láti 240 dé 480, láti 300 dé 600, láti 440 dé 880, àlàfo kan náà ni gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ọmọdébìnrin àti àgbà ọkùnrin fi lè pe "ọ̀run" ní gíga tó jìnnà síra, tí a ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ìlọ́po méjì, àlàfo tó tún bá etí lára mu jù ni ti 3 sí 2, bí ìgbà 360 sí ìgbà 240.

(Dùùrù: dò, só.)

Ẹ jẹ́ ká mú àlàfo kan ṣoṣo yìí, ká máa fi rìn, ká wo ibi tó máa gbé wa dé. Ẹni tó bá ní bírò nítòsí lè máa kọ ọ́ sílẹ̀. Láti dò, 240, a dé só, 360. Ẹ fi ìdajì 360 kún un, ó di 540. Ìyẹn ti kọjá dò òkè, a ó dá a sí méjì kó lè padà sáàárín wa: 270. Re nìyẹn. Ẹ fi ìdajì kún 270, ó di 405: lá. Ẹ tún fi ìdajì kún 405, kí ẹ dá a sí méjì, ó di 303 àti díẹ̀: mí. Ó yá, ẹ tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: 240, 270, 303, 360, 405.

(Dùùrù: dò, re, mí, só, lá, dò òkè.)

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ti mọ àwọn ohùn yìí kó tó mọ orúkọ wọn. Wọ́n wà nínú orin àlọ́, wọ́n wà nínú orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí dùùrù bá wà nílé yín, ẹ tẹ kíì dúdú nìkan, ẹ má fọwọ́ kan funfun. Márùn-ún yìí gan-an ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ní nǹkan kan lè fi ìka kan ṣoṣo wá orin àlọ́ tó mọ̀ jáde lórí wọn.

Ẹ kíyè sí bí a ṣe dé ibẹ̀. A kò yọ ohunkóhun kúrò nínú nǹkan kan. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin láti dò, ó ti di márùn-ún. Bí a bá tẹ̀ síwájú sí i ní ìgbésẹ̀ kan, a ó kan tí. Bí a bá sì padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan láti dò, a ó kan fá. Ó di méje. Èyí ni dò-re-mí tí ẹgbẹ́ akọrin mọ̀. Ọ̀dọ̀ Guido ará Arezzo ní Ítálì, ní ọ̀rúndún kọkànlá, ni fífi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Sarah Glover ní ìlú Norwich àti John Curwen lẹ́yìn rẹ̀ tún un tò di solfa oní-lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá akọrin wa ṣì ń kọ sójú pátákó títí dòní.

Ẹni tó bá ń bá ìrìn náà lọ títí dé ìgbésẹ̀ kejìlá á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí dò. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ ni. Dípò 240, nǹkan bí 243 ló máa bá níbẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè rìn tó tí ìlọ́po mẹ́ta á fi bọ́ sórí ìlọ́po méjì géérégé, nítorí náà àṣẹ́kù kékeré yìí da àwọn tó ń ṣe dùùrù láàmú fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, Zhu Zaiyu, ọmọ ọba láti ìdílé Ming, gbé ìṣirò ojútùú kan jáde ní 1584: kí a pín àṣẹ́kù náà dọ́gba-dọ́gba sórí ìgbésẹ̀ méjèèjìlá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yí ohùn dùùrù lónìí. Só orí dùùrù fi ìwọ̀n bíńtín rẹlẹ̀ ju só tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, etí kò fi bẹ́ẹ̀ fura sí i. Mí jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dò bá jẹ́ 240, mí tó dùn mọ́ etí jù jẹ́ 300 gan-an, kì í ṣe 303 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ti dùùrù jẹ́ 302. Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin tó mọ̀ ọ́n kọ bá ń kọrin láìsí dùùrù lẹ́yìn wọn, ohùn wọn máa ń fà sí 300 yẹn fúnra rẹ̀, àwọn tó jókòó á sì máa sọ pé orin tòní dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní 1885, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Alexander Ellis pín àlàfo dò sí dò sí ọ̀nà 1,200, ó fi ń wọn ohùn ohun èlò orin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ohun tó rí ni pé kò sí àtẹ̀gùn ohùn kan tí a lè pè ní ti ẹ̀dá fún gbogbo ayé. Àwọn èèyàn ló ń yan tiwọn, yíyàn wọn sì yàtọ̀ gidigidi. Ó gba ìgboyà láti sọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ayé ọjọ́un, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ohùn méje tiwọn ni gbogbo orin ayé ń dàgbà bọ̀ wá bá.

Bí ó bá jẹ́ pé yíyàn ni, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nílẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ì bá yàn. Kíì méjìlá ló wà lórí dùùrù láti dò kan kó tó kan dò tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà 792 ni a lè gbà ṣa márùn-ún nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà tí a kàn gbé sókè tàbí sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń yí kíì padà nígbà tí orin bá ga jù fún ìjọ. Bí a bá ka gbogbo irú ìyẹn sí ẹyọ kan, 66 ló kù. Oríṣi 66 ni ohùn márùn-ún pín sí.

Nínú 66 yìí, ẹ jẹ́ ká wá àwọn tí kò ní àlàfo tó kéré jù lórí dùùrù, ìyẹn láti kíì kan sí èyí tó fẹ̀gbẹ́ kàn án, bí mí sí fá, tàbí tí sí dò.

(Dùùrù: mí, fá. Tí, dò.)

Mẹ́ta péré ni kò ní in. Ẹ jẹ́ ká tún yọ èyí tó bá ní àlàfo kíì mẹ́fà, irú èyí tó wà láàárín fá àti tí, tó máa ń ṣòro fún akọrin láti fò láìṣìnà.

(Dùùrù: fá, tí.)

Ẹyọ kan ló kù. Ẹyọ kan péré nínú 66.

(Dùùrù: dò, re, mí, só, lá.)

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìṣirò yìí, ó sì ṣì máa ń wú mi lórí nígbàkígbà tí mo bá tún un ṣe. Fá àti tí, àwọn méjì tí wọ́n ní a kò ní, àwọn gan-an ló ń bí àlàfo kékeré méjèèjì. Àwọn kan náà ló sì ń bí àlàfo kíì mẹ́fà. Ibi tí wọn kò bá sí, ohùn kan kì í sún mọ́ èkejì jù, ohùn kan kì í sì í ta ko èkejì jù. Ẹ tẹ èyíkéyìí nínú márùn-ún náà pọ̀ mọ́ èyíkéyìí, kò ní ha etí. Ẹ sì lè fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe ilé, ibi tí orin á padà sí nígbà tó bá fẹ́ sinmi. Orin tó ń sinmi lórí dò àti èyí tó ń sinmi lórí lá kì í dún bákan náà, bẹ́ẹ̀ ohùn márùn-ún kan náà ni wọ́n ń lò.

Ibo wá ni èdè ti wọlé? Gbogbo ọmọ tó bá kọ́ Yorùbá nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé dò, re, mí ni olùkọ́ fi ń kọ́ni ní àmì ohùn. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu kò dúró sójú kan bí ti dùùrù. Bí gbólóhùn bá ṣe ń lọ sópin, ohùn á máa rọra wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohùn òkè tó wà nípárí gbólóhùn gígùn lè má ga tó ohùn àárín tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A kì í sì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ohun tí etí Yorùbá ń wò ni bóyá ohùn yìí ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀, tàbí ó rẹlẹ̀ jù ú, tàbí wọ́n dọ́gba.

Orin tó bá máa gbé irú èdè yìí ní láti ní ìgbésẹ̀ tó hàn ketekete. Lójú tèmi, ibí ni ohùn márùn-ún ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ìgbésẹ̀ tó kéré jù nínú rẹ̀ jẹ́ kíì méjì, bíi re sí mí. Èyí tó tún tóbi díẹ̀ jẹ́ kíì mẹ́ta, bíi mí sí só. Bí akọrin bá gòkè, gbogbo ìjọ á mọ̀ pé ó gòkè. Ẹ fi èyí wé mí sí fá lẹ́nu igba èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tí ohùn ń gbá ògiri padà wá: ó rọrùn kí ìgbésẹ̀ kékeré yẹn pòórá, kí ohùn òkè àti ohùn àárín di ọ̀kan náà, kí olùgbọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan tí kò sí nínú ìwé orin kankan: "Bàbá ra iṣu lọ́jà." Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ìsàlẹ̀, òkè, àárín lẹ́ẹ̀mẹta, òkè, ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ fún un ní ohùn orin.

(Dùùrù: dò, mí, re, re, re, mí, dò.)

Ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó le díẹ̀, àbí? Ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu jù. Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò níbẹ̀.

(Dùùrù: re, só, mí, mí, mí, só, re.)

Ọ̀rọ̀ kan náà, orin ti yí padà. Ẹ tún gbọ́ ẹ̀kẹta, tí mo gbé lọ sókè pátápátá.

(Dùùrù: só, dò òkè, lá, lá, lá, dò òkè, mí.)

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohùn òkè inú ti àkọ́kọ́ jẹ́ mí. Nínú ti èkejì, mí yẹn kan náà ló di ohùn àárín. Nínú ti ẹ̀kẹta, mí ti di ohùn ìsàlẹ̀ tó parí gbólóhùn. Ẹni tó bá ń rò pé ohùn ọ̀rọ̀ ń so olórin lọ́wọ́, kó tún gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ sọ ibi tí a ó kọjú sí, gíga tàbí rírẹlẹ̀. Bí a ó ṣe fò tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá orin.

Àwọn kan ti ń ṣe é báyìí tipẹ́. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fela Kuti, dá orin ìsìn tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwọn kan nínú wọn sì di àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 lábẹ́ ilé iṣẹ́ Zonophone. Orin bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní "native air" títí dòní. Thomas Ekundayo Phillips, tó fi dùùrù sin Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962, ló wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà bí onímọ̀. Ìwé rẹ̀, *Yoruba Music*, jáde ní 1953. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ bí orin wa ṣe dúró lórí ohùn márùn-ún àti bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so kọ́ra. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé akọrin ní kàtídírà kan náà. *Oyigiyigi* tí Sowande kọ fún dùùrù ńlá, orí ohùn orin Yorùbá ló gbé e lé. Dùùrù kò sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ orin náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá akọrin tó ń gbọ́ mi fara balẹ̀ gbọ́, nítorí pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá. Ẹ ti dá orin tó dára, tírébù ń kọ "ọ̀run" ní gígòkè bó ti yẹ. Ẹ wá fẹ́ kọ ọ́ sí ohùn mẹ́rin. Òfin tí a kọ́ nínú ìwé Òyìnbó sọ pé nígbà tí tírébù bá ń gòkè, ó dára kí báàsì máa sọ̀ kalẹ̀, kí ohùn méjèèjì yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ó dùn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n báàsì náà ń pe ọ̀rọ̀. Bí báàsì bá sọ̀ kalẹ̀, ọrùn ni àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ń kọ nígbà tí àwọn obìnrin ń kọ ọ̀run. Áltò àti ténọ̀ tó dúró sójú kan kò pe èyí, wọn kò pe ìyẹn.

Ìdáhùn wà nílé. Ní apá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ohùn méjì kọrin pọ̀. Ohùn kejì a máa rìn lábẹ́ ti àkọ́kọ́ ní àlàfo bíi ti mí sí dò. Bí ti òkè bá gòkè, ti ìsàlẹ̀ á gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá sọ̀, wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀. Báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, fá àti tí lè wọlé, nítorí pé ohùn kejì nílò ibi tí yóò tẹ̀ sí lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Nítorí náà n kò sọ pé márùn-ún ni gbogbo orin Yorùbá níbi gbogbo. Ibi tí ohùn méje bá ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó wà. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a máa kó fá àti tí wọ inú orin nítorí pé ojú ń tì wá fún márùn-ún. A máa ń gbọ́ ọ nínú orin ìyìn òde òní, tí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù á máa fi ohùn kún ohùn títí ọ̀rọ̀ á fi rì sínú rẹ̀.

Ó kù sí ibì kan tí kíì dùùrù mi nìkan kò lè débẹ̀. Gbogbo kíì rẹ̀ jẹ́ àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, kò sí ibi ìdúró láàárín. Dùndún jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Onílù ń fún ọṣán, awọ ń le, ohùn ń gun òkè láìfò ibì kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa sì jọ dùndún ju dùùrù lọ. Nígbà tí a bá pe "bàbá", ohùn òkè tó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kì í bẹ́ sókè lójijì; láti ìsàlẹ̀ ló ti ń yọ́ gòkè. Akọrin tó mọ Yorùbá ń ṣe é láìrò ó. Dùndún ń ṣe é. Dùùrù á kàn tẹ dò, á sì tẹ mí.

Àwọn olórin wa ti wá ọ̀nà sí i. Nígbà tí Sunny Ade mú gìtá onírin tí wọ́n ń gbé lé orí ìdúró wọ inú jùjú, èyí tí àwọn Amẹ́ríkà ń lò nínú orin ìgbèríko wọn, ọ̀pọ̀ rò pé àrà lásán ni. Irin tí wọ́n ń fi sá lórí okùn rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kí ohùn yọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn, ó sì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan nínú àwo *Juju Music* ti 1982 bí ìbátan rẹ̀. Akin Euba, tó ń dá orin fún dùùrù, gba ọ̀nà mìíràn. Ó lo ohùn méjèèjìlá ní ìlànà Schoenberg, olórin ará Austria, nínú iṣẹ́ dùùrù rẹ̀, ó sì mú kí dùùrù máa ṣe bí ìlù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa dùndún, ó sì kọ ìwé ńlá lé e lórí.

Fún ẹ̀yin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde àríyá, ọ̀nà kékeré kan wà nítòsí yín. Lápá òsì ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ìgbàlódé, àti ti dùùrù kékeré mi yìí pẹ̀lú, kẹ̀kẹ́ kan wà tí a lè fi ìka yí síwájú tàbí sẹ́yìn láti fa ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀. Bó ṣe máa ń wà látilẹ̀ wá, kíì méjì ló lè fà á dé, ìyẹn re sí mí gẹ́lẹ́, ìgbésẹ̀ tó kéré jù nínú ohùn márùn-ún wa. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ re, kí ẹ máa fi ti òsì yí i lọ díẹ̀díẹ̀.

(Dùùrù: re, ó yọ́ gòkè dé mí.)

"Bàbá." Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa rọra ṣe é.

(Dùùrù: re, ó yọ́ gòkè dé mí.)